Bí Mo Ṣe Fi Ilé Ìkàwé Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ṣe Ìwádìí lórí Oorun àti Ìrántí

Iṣẹ́ tí olùkọ́ wa gbé lé wa lọ́wọ́ ni pé kí olúkúlùkù yan ìbéèrè kan, kí ó ka ohun tí àwọn olùwádìí ti kọ lórí rẹ̀, kí ó sì ṣe àgbéyẹ̀wò wọn nínú àpilẹ̀kọ tí ìtọ́kasí rẹ̀ bá ìlànà APA, ìyẹn ti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sàìkọ́lọ́jì Amẹ́ríkà, mu. Ìbéèrè tèmi ni bóyá òótọ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tó sùn lẹ́yìn tó kàwé máa ń rántí ohun tó kà ju ẹni tó ṣe àìsùn lọ. Ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo fi ṣe gbogbo rẹ̀. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò mọ ilé ìkàwé sí ju ibi tó parọ́rọ́ tí èèyàn lè jókòó sí lọ.

Tábìlì ìbéèrè ni mo kọ́kọ́ lọ. Àwọn olùtọ́jú ìwé sábà máa ń pín ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì júwe ìyá àgbàlagbà kan tó ń bójú tó ìwé sáyẹ́ǹsì àti sàìkọ́lọ́jì fún mi. Mo kí wọn, mo sì sọ pé ìwé lórí oorun ni mo ń wá. Wọn kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi bi mí pé, “Oorun ta ni? Ti ọmọdé ni àbí ti àgbà? Ìrántí wo lo sì ń sọ, ti ohun tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kà ni àbí ti ohun tó ti pẹ́?” Ìgbà tí mo dáhùn tán ni wọ́n na bébà kan sí mi pé kí n pín ìbéèrè mi sí ọ̀nà mẹ́ta, kí n sì kọ gbogbo orúkọ tí àwọn olùwádìí lè máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìwádìí náà, “sleep deprivation” àti “sleep loss” wà lápá kan, “memory”, “recall” àti “retention” wà ní apá kejì, “students” àti “undergraduates” sì wà ní apá kẹta. Bébà yẹn ló wúlò jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà lójú tèmi, torí pé kò síbi tí mo dé lẹ́yìn rẹ̀ tí n kò yọ ọ́ jáde.

Ohun tó so àwọn ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ni ìlànà ìṣirò kan tó ń jẹ́ orúkọ George Boole, onímọ̀ ìṣirò ará England tó gbé ayé láti 1815 sí 1864. OR ni a ń fi sáàárín àwọn ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn jọra, kí ẹ̀rọ lè kó gbogbo wọn wá. AND ni a ń fi sáàárín apá kan àti èkejì, kí ó lè jẹ́ pé èyí tó bá sọ̀rọ̀ nípa méjèèjì nìkan ni yóò jáde. A máa ń fi àkámọ́ yí àwọn tí OR so pọ̀ ká, kí ẹ̀rọ má bàa da apá kan rú mọ́ èkejì. Àmì ìràwọ̀ tí mo fi sí ẹ̀yìn “memor*” kó “memory” àti “memories” wá lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ó tún kó “memorial” mọ́ wọn, ni mo bá ń bá àpilẹ̀kọ ìrántí olóògbé pàdé láàárín àwọn ìwádìí lórí ọpọlọ. Ní ti NOT, n kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá: bí èèyàn bá ní òun kò fẹ́ “children”, ìwádìí tó fi ọmọdé wé akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ń wá gan-an, yóò bá wọn lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti inú kátálọ́ọ̀gì. Ìlànà ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, Library of Congress, ni wọ́n fi to ìwé síbẹ̀, ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè fọ́n káàkiri ilé. Abẹ́ nọ́ńbà QP425 ni ìwé lórí bí oorun ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara wà, láàárín àwọn ìwé ìmọ̀ nípa ara. BF371 ni ti ìrántí wà, láàárín ìwé sàìkọ́lọ́jì. Àwọn ìwé lórí àìsàn oorun sì tún wà ní RC547 pẹ̀lú àwọn ìwé ìṣègùn. Ẹni tó bá dúró sí iwájú pẹpẹ kan ṣoṣo yóò rò pé ilé ìkàwé kò ní ìwé. Nígbà tí mo rí nọ́ńbà ìwé kan, mo tún yẹ àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì wò, nítorí pé ohun tí ìlànà náà wà fún nìyẹn, kí ìwé tó bára tan lè máa gbé pa pọ̀.

Àwọn ìwé náà là mí lójú lórí ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n inú jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn olùwádìí ń kọ àbájáde iṣẹ́ wọn sí, ni ìwádìí wà. PubMed, àkójọ àpilẹ̀kọ ìṣègùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni. APA PsycInfo, àkójọ ti sàìkọ́lọ́jì, ní tirẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń san owó rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní láti wọlé láti ojú ewé ilé ìkàwé pẹ̀lú nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà tí mo wà nílé. Nínú PubMed, ìyá náà fi MeSH hàn mí, ìyẹn àwọn orúkọ tí ilé ìkàwé ìṣègùn ti Amẹ́ríkà ti ń lò láti 1960 láti fi ṣàmì sí àpilẹ̀kọ. Bí òǹkọ̀wé kan bá pe àìsùn ní orúkọ kan, tí òmíràn sì pè é ní orúkọ mìíràn, abẹ́ “Sleep Deprivation” náà ni wọn yóò kó àwọn méjèèjì sí. Mo so orúkọ MeSH pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tèmi pẹ̀lú OR, nítorí pé àwọn àpilẹ̀kọ kan wà nínú PubMed tí kò gba àmì yẹn rárá. Àpótí kékeré kan tún wà nínú PsycInfo tí a lè tẹ̀ kí ó má mú àpilẹ̀kọ mìíràn wá àfi ti jọ́nà tí àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ òǹkọ̀wé ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó dára láti tẹ̀ ẹ́, àmọ́ jọ́nà ni ó ń wò: ọ̀rọ̀ olóòtú àti àgbéyẹ̀wò ìwé tó wà nínú jọ́nà náà lè bá a wọlé, nítorí náà mo ka àṣamọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó tọ́jú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ náà wá dùn. Mo mú àpilẹ̀kọ tuntun kan tó kún dáadáa, mo sì ka ojú ewé ìtọ́kasí rẹ̀ bí ẹni ń tọ ipa ẹsẹ̀ padà sẹ́yìn. Orúkọ méjì kan ń yọjú níbẹ̀ àti nínú àwọn mìíràn: Jenkins àti Dallenbach, 1924. Mo rí àpilẹ̀kọ wọn nínú JSTOR, àkójọ jọ́nà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú jọ́nà American Journal of Psychology. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Cornell méjì ni wọ́n fún ní àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ kọ́ sórí, wọ́n sì dán wọn wò lẹ́yìn wákàtí 1, 2, 4 tàbí 8, nígbà tí wọ́n ti sùn àti nígbà tí ojú wọn là sílẹ̀. Ohun tí wọ́n gbàgbé nígbà tí wọ́n sùn kéré gan-an sí ohun tí wọ́n gbàgbé nígbà tí wọn kò sùn, àwọn olùwádìí náà sì sọ pé ohun tuntun tó ń wọlé sọ́kàn ẹni tí kò sùn ló ń bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Èèyàn méjì péré! Bí kò bá jẹ́ pé mo rí àpilẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀, ǹ bá máa tọ́ka sí i bí ẹni pé ogunlọ́gọ̀ èèyàn ni wọ́n dán wò. Lẹ́yìn náà mo yí padà sí iwájú: Google Scholar ní líǹkì kan lábẹ́ àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan tó ń fi àwọn tó tọ́ka sí i hàn, ibẹ̀ ni mo sì ti bá àwọn tó ń bá èrò 1924 yẹn jiyàn.

Ìwé kan tí mo nílò kò sí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, wọ́n sì bá mi yá a láti ilé ìkàwé mìíràn. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tí òfin fọwọ́ sí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n kún fọ́ọ̀mù. Àpilẹ̀kọ jọ́nà máa ń tètè dé nípasẹ̀ ímeèlì. Ìwé ló ń gba sùúrù.

Zotero, ètò kọ̀ǹpútà kan, ni mo fi kó ìtọ́kasí jọ. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti wà láti 2006. Ó ń ṣe ojú ewé ìtọ́kasí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò lò. Bí jọ́nà bá fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo àkọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe wà, bẹ́ẹ̀ sì ni APA kò fẹ́ ẹ. Mo tún wọn ṣe níkọ̀ọ̀kan.

Ilé ìkàwé náà tún ní yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà sílẹ̀ fún ìjíròrò, kọ̀ǹpútà alágbèéká fún yíyá, ẹ̀rọ tó ń ka ìwé sókè fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, àti àwọn olùrànlọ́wọ́ tó ń bá èèyàn ka ohun tó kọ. Àwọn tó gbẹ̀yìn yìí ni mo lò. Wọn kì í báni tún iṣẹ́ kọ. Ìbéèrè ni wọ́n ń bi èèyàn títí tí yóò fi rí ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ti so pọ̀. Nígbà tí mo tún un ṣe tán, mo fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí olùkọ́, mo sì dá ìwé tí wọ́n bá mi yá padà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, torí ilé ìkàwé tó ni ín ló dá ọjọ́ yẹn, tiwa kò sì lè sún un síwájú láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn.