Bí Ẹ Ṣe Lè Ran Ẹni Tí Àìlówó Ti Dà Lọ́kàn Rú Lọ́wọ́

Ní Tamil Nadu ní Íńdíà, ẹ̀yìn ìkórè ni ọ̀pọ̀ owó tí àgbẹ̀ oníreke ń rí lọ́dún máa ń wọlé. Àwọn olùwádìí fún àgbẹ̀ 464 ní ìdánwò làákàyè, lẹ́ẹ̀kan kí owó tó dé, lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tó wọlé. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2013: nígbà tí owó há, àwọn àgbẹ̀ yìí kan náà ń ṣi ìdáhùn, wọ́n sì ń pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Gbèsè àti oúnjẹ alẹ́ ti gba ọpọlọ wọn tán. Nítorí náà, bí aládùúgbò yín tí kò lówó lọ́wọ́ bá ń gbàgbé àdéhùn, tàbí tó lọ yá owó èlé láti fi san gbèsè mìíràn, ẹ má pè é ní òpè.

Ọ̀nà tí a ó tọ́ka sí yìí, Harare ní Zimbabwe la ti rí i. Dókítà Dixon Chibanda àti ìyá àgbà 14 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Mbare, àdúgbò kan ní Harare, lọ́dún 2006, lórí bẹ́ǹṣì onígi lágbàlá ilé ìwòsàn. Ìpàdé mẹ́fà ni.

Ẹ wá ibi tí etí ẹlòmíràn kò ní dé; abẹ́ igi dára. Kí ìjókòó yín ga bákan náà. Ẹ bi í nípa ọ̀sẹ̀ tó kọjá: ṣé ó ń rí oorun sùn? Ṣé ìrònú ń pọ̀ jù? Ṣé ó ń sunkún? Ìbéèrè 14 ni wọ́n ń lò ní Harare. Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ fò ni bóyá ó ti ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ mú un dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn náà, kó ka gbogbo ìṣòro rẹ̀, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ti wà nínú ìwé, kò tún ní máa fi ọkàn gbé e kiri. Kí òun fúnra rẹ̀ wá mú ẹyọ kan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ ti ń bà á jẹ́: wọ́n á bá a yan èyí tó tóbi jù, wọ́n á wá máa wàásù. Ìṣòro tí ẹlòmíràn yàn fún un, kò ní dìde sí i.

Ká ní owó ilé ló mú, tó jẹ onílé ní ₦60,000, tó sì ń ta ẹ̀kọ. “Màá san gbèsè mi” kò tíì di ètò. Ètò ni: “Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí mo bá ti kúrò lọ́jà, màá mú ₦5,000 lọ bá onílé, màá bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n máa san iye yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.” Ìgbà 12 ló máa san án tán. Ẹ wá bi í: bí onílé kò bá sí nílé ńkọ́? Bí ọjà kò bá tà ńkọ́? Kó dáhùn kó tó dìde.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ohun tó ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Bí kò bá ṣe é, ẹ má bá a wí, ẹ gé ètò náà kéré sí i: bóyá kó kàn lọ kí onílé ná. Bí ebi bá sì ń pa á, ẹ wá oúnjẹ fún un kí ẹ tó bi í ní nǹkan kan.

Ẹ ràn án lọ́wọ́ láti máa ṣe ìpinnu ńlá nígbà tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ní ìwọ̀ oòrùn Kenya, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n fún láǹfààní láti san owó ajílẹ̀ kété lẹ́yìn ìkórè lò ó ju àwọn yòókù lọ. Kí owó àjọ àti owó ilé ìwé kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó pawó, kí alájọ wá gbà á níbi tó ti ń tajà, kó má jẹ́ pé òun ló ń rántí rẹ̀ lójoojúmọ́.