Bí Mo Ṣe Kọ́ Àwọn Ọmọdé ní Họ́kì Lórí Ilẹ̀ Sìmẹ́ǹtì ní Tanke

Ọ̀nà tí àwọn kóòṣì Kánádà àti Amẹ́ríkà fi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní họ́kì orí yìnyín, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá róbà sínú gòólù, ìyẹn ni pé kí wọ́n máa fi eré kéékèèké kọ́ wọn lórí pápá kékeré, ni mo mú wá sórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí àwọn ọmọ ti ń to ìlà láràárọ̀ nílé-ìwé wa ní Tanke, nílùú Ìlọrin. A ò ní yìnyín, a ò sì ní bàtà onírin tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí rẹ̀, kánfáàsì ilé-ìwé ni wọ́n wọ̀ sẹ́sẹ̀. Ọmọ 12 ni wọ́n, láti ọmọ ọdún 6 sí ọdún 9. Kò sí èyí tó di ọ̀pá họ́kì mú rí nínú wọn.

Ìdí tí mo fi yan ọ̀nà yìí rèé. Pápá yìnyín àwọn àgbà ní Amẹ́ríkà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 200, ó sì fẹ̀ tó 85. Bí o bá kó ọmọ ọdún méje síbẹ̀, ọ̀kan tó yára jù ni yóò máa gbé róbà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá náà kiri, àwọn tó kù á máa sá tẹ̀ lé e. Eré á parí, ẹlòmíì ò ní fi ọ̀pá kàn án. Ní ọdún 2009, ẹgbẹ́ USA Hockey, tó ń darí họ́kì orí yìnyín ní Amẹ́ríkà, gbé ètò tuntun jáde pé kí àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 8 lọ máa gbá a ní ìbú pápá, kí wọ́n pín pápá kan sí mẹ́ta, kí eré mẹ́ta sì máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Hockey Canada, ẹgbẹ́ irú rẹ̀ ní Kánádà, pàṣẹ bẹ́ẹ̀ ní 2017 fún àwọn ọmọ ọdún 5 àti 6. Róbà gan-an, wọ́n dín ìwúwo rẹ̀ kù: ti àgbà wúwo tó gíráàmù 170, aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ṣe fún ọmọdé kò ju bíi 113 lọ. Nígbà tí mo rí i pé àwọn tó ní pápá yìnyín gidi ń gé e kékeré fún ọmọ wọn, mo mọ̀ pé ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì wa tó.

Ọ̀pá ló kọ́kọ́ gbà mí lákòókò. Mo lọ bá bàbá kápẹ́ńtà kan ní Òkè-Odò, mo kí i kú iṣẹ́, mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ohun tí mo ń fẹ́ sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wò ó títí. "Tíṣà, ṣé ọkọ́ ni àbí kọ̀ǹdó?" Mo ní, "Bàbá, ohun ìṣeré ọmọdé ni. Wọ́n á máa fi ti bọ́ọ̀lù nílẹ̀ ni." Igi mọ́ọ̀pù ló fi ṣe ara ọ̀pá, ó fi síkúrù de pátákó tín-ín-rín mọ́ ìdí rẹ̀, ó sì ha gbogbo etí pátákó náà títí tó fi jọ̀lọ̀. Ẹ má fi ojú kékeré wo jíjọ̀lọ̀ yẹn, nítorí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà kò le. Bí ọmọ bá gbé ọ̀pá nàró níwájú ara rẹ̀, kó má kọjá àgbọ̀n rẹ̀. Èyí tó bá kọjá, ẹ gé e.

Bọ́ọ̀lù tẹ́ẹ̀níìsì la lò. Tuntun kò dáa, ó máa ń ta sókè jù. Mo tọrọ èyí tó ti gbó, tí kì í fò mọ́, lọ́wọ́ àwọn tó ń gbá tẹ́ẹ̀níìsì. Páálí Indomie la fi ṣe ilé gòólù. A da àwọn bẹ́ǹṣì kíláàsì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti fi ṣe ògiri, kí bọ́ọ̀lù lè máa kàn án padà sínú eré bó ṣe ń ṣe lára pátákó tó yí pápá yìnyín ká. Pápá méjì ló jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ìṣísẹ̀ 15, ó fẹ̀ ní 10. Àárọ̀ Sátidé la ń ṣe é, kí oòrùn tó mú, kí àwọn tó ń lọ ilé kéwú lọ́sàn-án sì lè délé wẹ̀ kí wọ́n tó lọ.

Òfin méjì péré ni mo là sílẹ̀. Ọmọ kò gbọdọ̀ gbé ìdí ọ̀pá ga ju orúnkún lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ara ti ẹnikejì. Lórí yìnyín náà, wọn kì í gbà kí ọmọ tó kéré báyìí máa fi ara gbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo fi bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú hàn wọ́n: ọwọ́ kan lórí téńté ọ̀pá, ìkejì nísàlẹ̀. Ọwọ́ òkè ló ń darí, ti ìsàlẹ̀ á kàn rọra dì í mú. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọwọ́ ọ̀tún tàbí òsì ló gbọdọ̀ wà lókè. Èyí tó bá rọ ọmọ lọ́rùn ni kó lò. Gbogbo àlàyé yẹn kò pẹ́ rárá tí eré fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹkùn mẹ́ran la fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ọmọ tí mo ní láti ṣàlàyé ẹ̀ fún. Ọmọ mẹ́wàá ni ẹran, oníkálukú ní bọ́ọ̀lù tirẹ̀ nídìí ọ̀pá. Ọmọ méjì ni ẹkùn, wọn ò ní bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ wọn ni láti ti bọ́ọ̀lù ẹlòmíì jáde. Ẹran tí wọ́n bá ti bọ́ọ̀lù rẹ̀ jáde kò ní jókòó: á sáré lọ mú un, á fọwọ́ kan bẹ́ǹṣì, á padà wọlé. Mo dúró gbọn-in lórí èyí. Bí a bá ní kí ẹni tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ jókòó, ẹni tó nílò ìdánrawò jù ni yóò máa wòran. Láàárín eré yìí ni wọ́n ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi ara bo bọ́ọ̀lù, tó ń yí padà lójijì, tó sì ń gbójú sókè kí ẹkùn má bàa ká a mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn la gbé ike omi méjìméjì kalẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà, ọmọ méjì á máa ti bọ́ọ̀lù síra wọn láàárín rẹ̀. Ó wúlò, àmọ́ ó máa ń sú wọn kíákíá, nítorí náà mi ò pẹ́ lórí ẹ̀.

Mẹ́ta sí mẹ́ta ni eré gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ń rọ́ lu bọ́ọ̀lù bí adìyẹ tó rí àgbàdo. Kóòṣì tó bá ń pariwo "Ẹ tú ká!" á pariwo títí ohùn á fi há. Dípò ariwo, mo yí òfin eré padà. Mo mú ọmọ kan lọ sẹ́yìn bẹ́ǹṣì ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo ní gòólù kò ní jẹ́ gòólù àfi bí bọ́ọ̀lù bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó sì ti í padà wọlé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbójú sókè wá a. Ọmọbìnrin kan wà tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, nígbà tó kan òun láti dúró síbẹ̀, ohùn rẹ̀ la gbọ́ jù: "Gbé e wá! Èmi rèé!" Inú mi dùn gan-an.

Lẹ́yìn ìyẹn mo yí páálí, mo kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri, mo sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ gòólù gbọ́dọ̀ yípo lọ sẹ́yìn ilé. Àwọn kóòṣì orí yìnyín máa ń lo irú eré yìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Ọmọ tó ń gbé bọ́ọ̀lù nìkan sáré tààrà kò rí nǹkan ṣe mọ́. Ó ní láti dúró, kó wo ẹni tó wà lódì kejì, kó gbé e fún un.

Nígbà míì mo máa ń dín in kù sí méjì sí méjì, kí àwọn méjì tó kù ní pápá kọ̀ọ̀kan máa sinmi. Ní ìṣẹ́jú àáyá 45 mo fọn fèrè, ẹni tó ń sinmi á ta wọlé, ẹni tó kúrò á fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ síbi tó wà. Lórí yìnyín, àwọn àgbà gan-an kì í sábà lò tó ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó pààrọ̀. Sáré àsápajúdé kúkúrú, kí èémí sì padà, ló bá ara ọmọdé mu.

Mi ò fi ọjọ́ orí pín wọn. Àwọn tó yára ni mo kó sí pápá kan, àwọn tó ṣì ń wá ẹsẹ̀ wọn sí ìkejì. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan wà láàárín àwọn tó yára, kò sì sí ẹni tó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ lásán.

Bàbá ọmọ kan wá wò wá, ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ eré ni mo ń rí. Ìgbà wo lẹ máa kọ́ wọn?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ka iye ìgbà tí ọ̀pá ọmọ yín máa kan bọ́ọ̀lù." Kí n tó fọn fèrè, ó ti lé ní 20. Bàbá náà sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀, ó dúró wò ó parí.

Mo ṣì ń dá eré dúró láti kọ́ni. Bí mo bá rí i pé púpọ̀ nínú wọn ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo ti bọ́ọ̀lù, mo máa ń pè wọ́n jọ, n ó fi hàn wọ́n fún bí ìṣẹ́jú méjì, wọ́n á sì padà sínú eré kan náà kí wọ́n lò ó lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó wà níwájú mi báyìí ni họ́kì orí pápá, èyí tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù gbá láìsí yìnyín, nítorí òun ni ọmọ Ìlọrin lè gbá dé ibi gíga. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Hockey5s, ẹni márùn-ún sí márùn-ún lórí pápá kékeré, ni àwọn ọkùnrin Nàìjíríà lọ gbá nínú ìdíje àgbáyé ní Muscat, ní Oman, ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ìyàtọ̀ kan wà tó ṣe pàtàkì: lórí yìnyín, ojú méjèèjì ọ̀pá lèèyàn lè lò, ṣùgbọ́n ní họ́kì orí pápá, ojú pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ni òfin gbà. Nítorí náà, mo ti fi ọ̀dà pupa kun ojú kan lára ọ̀pá àwọn tó ti pé ọdún 9, òun nìkan ni mo sì ní kí wọ́n máa fi ti bọ́ọ̀lù.