Bí A Ṣe Ń Gbá Bọ́ọ̀lù PS4 Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì Láìjẹ́ Pé Ó Ń Fà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ra ẹ̀rọ géèmù PS4, ó ra pádì méjì, ó ra dísìkì géèmù bọ́ọ̀lù EA Sports FC, ó tún pààrọ̀ tẹlifíṣàn. Ohun kan ṣoṣo tí kò rà ni wáyà tí yóò so ráútà mọ́ ẹ̀rọ náà. Nígbà tó kọ́kọ́ bá àlejò gbá bọ́ọ̀lù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tẹ X, agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ dúró bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹnìkejì gba bọ́ọ̀lù lọ tán kí tirẹ̀ tó wá gbá afẹ́fẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi gbà pé òun ni òun kò mọ̀ ọ́n gbá. Irú rẹ̀ ni mo ń rí jù nínú ilé tí wọ́n bá pè mí sí. Nítorí náà, mi ò ní pẹ́ lórí èyí tó rọrùn.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì PSN, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì PlayStation. Orílẹ̀-èdè tí ẹ bá mú níbẹ̀ kò ṣeé yí padà mọ́, káàdì tí ẹ ó máa fi san owó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti orílẹ̀-èdè yẹn gan-an. Ẹni tó ṣí àkáǹtì Ìlú Ọba, tó wá lọ ra káàdì Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ ti há nìyẹn. Ẹ má ra àkáǹtì tí ẹlòmíràn ti ṣí, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Mo rà á rí; oṣù kẹta ni ẹni tó tà á fún mi fi ímeèlì rẹ̀ gbà á padà. Ẹ tan 2-step verification, tó ń béèrè nọ́ńbà kejì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà, lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì kọ àwọn nọ́ńbà ìgbàsílẹ̀ rẹ̀ (backup codes) sínú ìwé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, àwọn olè wọ inú PSN, àkáǹtì mílíọ̀nù 77 ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ó tún ku PS Plus, ètò tí a ń san owó rẹ̀ fún PlayStation. Ọ̀fẹ́ ni bíbá ará ìta gbá lórí PS3, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí PS4 ti jáde ní 2013, géèmù tí a bá fi owó rà ń béèrè PS Plus kí ó tó jẹ́ kí ẹ bá ẹlòmíràn gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Essential, èyí tó kéré jù nínú ìpele mẹ́ta rẹ̀, ti tó. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ fi eFootball ti Konami dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé yín wò. Ọ̀fẹ́ ni láti 2021, kò sì béèrè PS Plus. Tí ìyẹn bá ń fà nílé yín, FC náà yóò fà. Tí dátà bá wọ́n, ẹ ra dísìkì, nítorí FC lé ní 40GB. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ ra dísìkì FIFA àtijọ́, orúkọ tí FC ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, torí pé ó pọ́ọ́kú. EA tó ṣe é máa ń pa sáfà àwọn tó ti pẹ́, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń so àwọn tó ń gbá pọ̀, ẹ ó kàn máa bá kọ̀ǹpútà gbá ni.

Ọ̀rọ̀ kù sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì báyìí, ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà.

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń fi hàn mí ni iye Mbps, ìyẹn bí íntánẹ́ẹ̀tì wọn ṣe ń yára tó. "Bọ̀dá, 40 ni mo ní, kí ló tún kù?" Bọ́ọ̀lù kò nílò ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Àwòrán kọ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbé wá. Ẹ̀rọ yín ló ń ya àwòrán fúnra rẹ̀. Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ kò ju bọ́tìnì tí ẹ tẹ̀ àti ibi tí olúkúlùkù wà lórí pápá. Èyí tó ṣe pàtàkì ni àsìkò tí iṣẹ́ tí ẹ rán fi ń lọ tí èsì rẹ̀ fi ń padà, tí a ń pè ní ping. Nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni a fi ń kà á. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ú lọ ni pé kí àsìkò yẹn dúró sójú kan. Ping 120 tí kò yẹ̀ sàn ju èyí tó jẹ́ 60 báyìí, tó di 300, tó tún padà sí 80. Ọwọ́ yín lè mọ́ 120 lára. Kò sí ọwọ́ tó lè mọ́ èkejì lára.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ kó yé yín. Okùn MainOne, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 2010, gba abẹ́ òkun láti Èkó dé Pọ́túgà, ó gùn tó nǹkan bíi 7,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn bẹ́ẹ̀ ń sáré tó 200,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àlọ jẹ́ 35, àbọ̀ jẹ́ 35, ó di 70 kó tó kan ráútà kankan lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣèlérí ping 20 fún yín láti Ìbàdàn dé Lọ́ńdọ́nù ń tan yín. Àwọn tó ní kí ẹ yí DNS padà náà kò ràn yín lọ́wọ́. DNS ń wá àdírẹ́sì ni, tó bá ti rí i, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí kí wọ́n tó fọn fèrè. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 tí àwọn okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, kò sí ohun tí a lè ṣe nílé. Àwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bá ará ilé gbá.

Ohun tó wà níkàáwọ́ yín ni mítà mẹ́wàá ìkẹyìn, láti ara ráútà dé ara PS4. Ibẹ̀ ni Wi-Fi ti ń da nǹkan rú. PS4 àkọ́kọ́, èyí tó nípọn, ìgbì rédíò 2.4GHz nìkan ló ń gbọ́, orí 2.4 yẹn náà sì ni Wi-Fi aládùúgbò, Bluetooth pádì yín àti maikirowéfù ìdáná jọ ń pariwo. Tí ọ̀rọ̀ kan bá sọnù nínú ariwo, wọ́n á tún un rán, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á dúró dè é. Ìdádúró yẹn ni ẹ ń rí nígbà tí agbábọ́ọ̀lù bá há, tó sì fò síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa rí ẹni tó fẹ́ ta antẹ́nà aláràbarà fún yín. Ẹ ra wáyà.

Wáyà Cat5e ti tó, ó lè gùn dé mítà 100 láìsí wàhálà. Bí kò bá kọjá mítà mẹ́ta, ẹ ra èyí tí wọ́n ti de orí rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ fẹ́ kí wọ́n gé e kí wọ́n sì de orí rẹ̀ fún yín ní Computer Village tàbí níbikíbi, ẹ dúró ti ẹni tó ń ṣe é, kí ẹ sì máa wò ó.

Okùn tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú wáyà náà, méjì-méjì ni wọ́n lọ́ mọ́ra. Láti ọwọ́ òsì, tí ojú irin wúrà ẹnu rẹ̀ bá kọjú sí yín, tí ìdè ẹ̀yìn rẹ̀ kò hàn, báyìí ni kí wọ́n tò: funfun abìlà ọsàn, ọsàn, funfun abìlà ewé, búlúù, funfun abìlà búlúù, ewé, funfun abìlà bráùn, bráùn. Ẹ wo ewé dáadáa. Ipò kẹta àti ìkẹfà ló wà, búlúù méjèèjì wà láàárín wọn. Ọmọ iṣẹ́ tó ń kánjú máa ń to ewé méjèèjì tẹ̀lé ara wọn torí pé ó dára lójú. Iná yóò tàn lára ráútà, PS4 yóò ní òun ti wọlé, ẹ ó sanwó, ẹ ó sì lọ. Ṣùgbọ́n ipò kẹta àti ìkẹfà ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Tí wọn ò bá ti ara ìlọ́pọ̀ kan náà wá, ọ̀rọ̀ inú wọn á máa jò sí ara àwọn yòókù, bí wáyà bá sì ṣe gùn tó ni yóò ṣe burú tó. Mo ti gé orí irú wáyà bẹ́ẹ̀ nù nínú ilé mẹ́rin, mo tún un de, ìfà náà sì dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi ọwọ́ fa orí rẹ̀ díẹ̀. Awọ ìta wáyà gbọ́dọ̀ wọnú orí náà, kó má jẹ́ pé okùn tín-ín-rín nìkan ni orí dì mú.

Ẹni tó ń lo MiFi kékeré tí kò ní ihò wáyà, ẹ ra ráútà onísíìmù tó ní ihò LAN. Tí kò bá sí owó fún un, lápútọ́ọ̀pù àtijọ́ tó wà nílé lè ṣe é. Ẹ fi okùn USB so fóònù mọ́ lápútọ́ọ̀pù, kí ẹ tan USB tethering, kí ẹ pín íntánẹ́ẹ̀tì náà láti ojú ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì Windows sí ihò LAN, kí ẹ wá ti ibẹ̀ fa wáyà lọ sí PS4. Ẹ má ki fóònù náà bọ PS4 tààrà, kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ lọ sí Settings, Network, Test Internet Connection. NAT Type ni kí ẹ wò, ó ń sọ bí ọ̀nà ṣe ṣí tó láàárín PS4 yín àti ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn. Tó bá jẹ́ Type 2, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ wá Type 1 kiri. Iṣẹ́ òfo ni. Tó bá jẹ́ Type 3, yóò ṣòro láti rí ẹni bá gbá. Ẹ tan UPnP nínú ráútà, ètò tó ń jẹ́ kí PS4 ṣí pọ́ọ̀tù (ọ̀nà inú ráútà) fúnra rẹ̀, ẹ pa á, ẹ tún un tan. Tí ráútà méjì bá wà, tí ọ̀kan ń jẹun lára èkejì, ẹ yọ ọ̀kan. Tó bá jẹ́ síìmù ni, tí kò sì yí padà, ẹ má wulẹ̀ máa ṣí pọ́ọ̀tù kiri, nítorí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sábẹ́ àdírẹ́sì kan. Ẹ gbìyànjú síìmù míràn.

Tẹlifíṣàn náà lè fà, kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ẹ tan Game Mode rẹ̀, kó má máa dá àwòrán dúró láti fi ṣe é lẹ́wà.

Nílé mi, bí mo bá fẹ́ gbá, kò sẹ́ni tó ń wo YouTube, kò sì sí fóònù tó ń ṣe àfikún. Fídíò kan ṣoṣo tó ń wọlé lè sọ ping 100 di 400, torí gbogbo wọn ló ń tò sórí ìlà kan nínú ráútà. Àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń gbá, láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́jọ, tí àdúgbò kò tíì jí. Alẹ́ aago mẹ́sàn-án kò dára, àgàgà fún ẹni tó ń lo síìmù.

Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, géèmù máa ń fi àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹni tí ẹ fẹ́ bá gbá hàn. Tó bá pupa, ẹ kọ̀ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá já ni wọ́n sábà máa ń ka òfo sí lọ́rùn, kò kan géèmù bóyá NEPA ló mú iná lọ. UPS kékeré tó ń gbé 12V fún ráútà kò wọ́n, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. PS4 fúnra rẹ̀ nílò ínfátà, tàbí UPS kọ̀ǹpútà tó lè gbé e títí tí jẹnẹrétọ̀ yóò fi tàn.

Tí ẹ bá gbá tán, ẹ pa ẹ̀rọ náà pátápátá láti ojú ètò rẹ̀, ẹ má fi í sí Rest Mode bí iná ilé yín kì í bá dúró. Iná ọsàn tó bá ń tàn lójú rẹ̀ túmọ̀ sí pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ funfun tó ń ṣẹ́jú, ẹ dúró kó kú tán kí ẹ tó yọ pulọ́ọ̀gì.