Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gé owó iṣẹ́ mi

Náírà 20,000 ni wọ́n yọ nínú owó iṣẹ́ mi nítorí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan: plash. Ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé kan ló ní kí n túmọ̀ ìran kan nínú The Taming of the Shrew, èyí tí Shakespeare kọ, sí Yorùbá. Lucentio, ọ̀kan lára àwọn tó wà nínú eré náà, ní bí òun ṣe kúrò ní ìlú Pisa wá sí ìlú Padua dà bí ìgbà téèyàn fi “shallow plash” sílẹ̀, tó bẹ́ sínú ibú. Èmi kọ “ìró omi”. Ọ̀gá wọn bi mí pé, “Báwo lèèyàn ṣe ń kúrò nínú ìró bọ́ sínú ibú?” N kò rí èsì fọ̀. Ó dùn mí gan-an, torí ìlà tó lé ní 200 ni mo ṣe, ọ̀kan yìí nìkan ni wọ́n rí wí.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe túmọ̀ èyí tó kù. Ibi tí mo há sí ni mo fẹ́ sọ.

Mo sanwó oṣù kan fún ìwé atúmọ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Plash tí mo kọ́kọ́ bá níbẹ̀ ni kéèyàn sá ẹ̀ka igi díẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́, kó fi hun ọgbà. Òru méjì ni mo fi ń wá ọgbà nínú ọ̀rọ̀ omi! Inú bí mi débi pé mo pa kọ̀ǹpútà dé. Àṣé ọ̀rọ̀ méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ti ọgbà wá láti inú Faransé àtijọ́. Ti omi jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì láti ìpilẹ̀, plæsc ni wọ́n ń kọ ọ́ nígbà náà, àwọn Dutch sì ń sọ plas títí dòní.

Ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àárín (Middle English, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ ṣáájú ìgbà Shakespeare) ti Yunifásítì Michigan, tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló là mí lójú, ọ̀fẹ́ sì ni! Ibẹ̀ ló darí mi sí Promptorium Parvulorum, ìwé atúmọ̀ àtijọ́ tí ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà kan ní Norfolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Látìn ní nǹkan bí 1440. Ó kọ ọ́ ní plasche, ó ní ibi tí omi òjò dúró sí ni. Mo fò sókè. Ọ̀gọ̀dọ̀ ni! Ìró omi tí mo kọ, plash tó dé lẹ́yìn ni. Òun ni wọ́n fi s síwájú rẹ̀ tó di splash.

Ẹ kọ́kọ́ wo ti Michigan kẹ́ ẹ tó náwó. Kẹ́ ẹ sì máa yí sípẹ́lì padà, torí àwọn ará ìgbà yẹn kì í kọ ọ̀rọ̀ bákan náà.

Mo tún ìlà náà kọ: “Bí ẹni tó fi ọ̀gọ̀dọ̀ sílẹ̀, tó bẹ́ sínú ibú, kó lè mumi yó.” Ọ̀gá náà kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Ìyẹn ni.” Náírà 20,000 mi kò tíì wọlé.