Físà ló gbówó lọ́wọ́ mi, kì í ṣe Orvieto

Owó tí mo ná kí n tó wọ Ítálì ju èyí tí mo ná nígbà tí mo débẹ̀ lọ. Inú ṣì ń bí mi sí i. Mo ń kọ èyí fún ẹni tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà bíi tèmi, kó mọ ibi tí wàhálà wà kó tó dáwọ́ lé ìrìn àjò tí kò ju òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Orvieto ni mo fẹ́ lọ, ìlú kékeré kan lórí àpáta, láàárín Róòmù àti Florence. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni wá nílé wa, láti kékeré ni ìyá mi ti máa ń kó wa tẹ̀lé ìwọ́de Corpus Christi, ọdún tí ìjọ fi ń bọlá fún Ara àti Ẹ̀jẹ̀ Kristi. Orvieto ni Póòpù Urban Kẹrin wà ní 1264 nígbà tó pàṣẹ pé kí gbogbo ìjọ káàkiri ayé máa ṣe ọdún náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí láti fojú ara mi rí ibẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ní páásípọ́ọ̀tì ìlú ọba. Orí fóònù ló ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ níbi tó ti ń jẹun alẹ́, ó parí. Tèmi gba físà Schengen, físà kan ṣoṣo tí Ítálì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, yúrò 90 ni owó físà fún àgbàlagbà. Ìyẹn ò dùn mí, iye tí òfin fi lélẹ̀ ni. Èyí tó dùn mí ni àwọn owó tó rọ̀ mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tó ń gba ìwé lọ́wọ́ wa gba owó iṣẹ́ tiwọn, wọ́n gba owó tí wọ́n fi máa dá páásípọ́ọ̀tì padà sílé, wọ́n tún ń bu owó lé àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n á fi sọ fún èèyàn pé ìwé rẹ̀ ti jáde.

Ká tiẹ̀ fi owó sílẹ̀, déètì tí èèyàn máa fi lọ fi ìwé sílẹ̀ gan-an ni kò sí. Mo wọ orí ìkànnì wọn láàárọ̀, kò sí déètì. Mo wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án, kò sí. Mo tún wọ̀ ọ́ lóru, ohun kan náà ni. Déètì kan ṣoṣo tó máa ń wà ni ti yàrá pàtàkì, níbi tí wọ́n á ti fún èèyàn ní kọfí lórí àga tìmùtìmù, tí owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó físà. Mo lọ ka òfin físà Schengen fúnra rẹ̀. Ó sọ pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí èèyàn bá béèrè ló yẹ kí wọ́n fún un ní déètì. Ó tún sọ pé owó iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kò gbọdọ̀ ju ìdajì owó físà lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó bá wọ yàrá pàtàkì ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn án, kì í ṣe dandan. Ta ló máa yàn án bí déètì yòókù bá wà?

Àwọn kan sì wà lórí Telegram tó ti kó déètì jọ, tí wọ́n ń tà á. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n fi àwòrán páásípọ́ọ̀tì mi ránṣẹ́ pẹ̀lú owó. Mi ò dá a lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún irú wọn lówó, ẹ má sì jẹ́ kí ìwé yín dé ọwọ́ wọn.

Ohun tó yọ mí ni pé mo fara balẹ̀ ṣọ́ ìkànnì náà títí mo fi mọ ìgbà tí déètì àwọn tó fagi lé tiwọn máa ń yọ síta. Ìdájí ni, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Mo ti tẹ nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tì àti orúkọ mi síbi kan lórí fóònù, kí n kàn máa ṣẹ̀dà rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù wọn, torí ẹni tó bá ṣì ń tẹ̀wé, wọ́n á ti gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí mo ṣe rí tèmi nìyẹn, láìsan kọ́bọ̀ lé e. Mo ṣì ń yangàn rẹ̀.

Ìwé báńkì, lẹ́tà ibi iṣẹ́, adójútòfò ìrìn àjò tó lè san tó yúrò 30,000 bí àìsàn bá dé, ẹ mọ gbogbo ìyẹn, mi ò ní tún un sọ. Ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba ìwé ni wọ́n tún ti dá mi dúró. Arábìnrin tó ń yẹ ìwé mi wò béèrè káàdì BRP, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ pé èèyàn ní àṣẹ láti gbé ní ìlú ọba. Mo ní ìjọba ò lo káàdì yẹn mọ́, eVisa la wà báyìí, orí ìkànnì ni àṣẹ náà wà. Ó gbé ìwé tí mo tẹ̀ jáde sókè, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bíi pé káàdì náà lè wà níbẹ̀, ó wọlé lọ béèrè. Ó pẹ́ kó tó jáde, ó sì ní káàdì náà ni òun ṣì ń wá. Mo fa fóònù yọ, mo gba share code tuntun níwájú rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹlòmíì lè fi wo àṣẹ mi lórí ìkànnì, mo sì ní kó tẹ̀ ẹ́ wò. Ó tẹ̀ ẹ́, fọ́tò mi yọ. Kò sọ nǹkan kan mọ́, ó ní kí n lọ tẹ̀ka.

Nígbà tí físà fi máa jáde, owó ọkọ̀ òfuurufú ti gun òkè kọjá iye tí àbúrò mi san. Ilé tí a máa sùn ni mi ò pàdánù, torí èyí tí èèyàn lè fagi lé lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo mú. Ẹ wo físà yín dáadáa bó bá dé: wọ́n sábà máa ń fi ọjọ́ 15 kún àsìkò tí èèyàn lè fi wọlé kó sì jáde, ṣùgbọ́n iye ọjọ́ tí a lè lò níbẹ̀ kì í tìtorí ẹ̀ pọ̀ sí i.

Láti Róòmù, ọkọ̀ ojú irin gbé wa dé ìsàlẹ̀ àpáta, ọkọ̀ tí wọ́n ń fi okùn irin fà sì gbé wa gòkè. Kànga Saint Patrick wà nítòsí ibi tí a sọ̀ sí. Póòpù Clement Keje ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ lẹ́yìn tó sá kúrò ní Róòmù nígbà tí àwọn ọmọ ogun kó ìlú náà ní 1527, torí ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má dó ti Orvieto kí omi sì tán. Àtẹ̀gùn méjì ló yí i ká, 248 ni ìtẹ̀sẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì pàdé: ìbaaka tó ń lọ pọnmi gba ọ̀kan, èyí tó ti pọn ọ́n gba èkejì. 1537 ni wọ́n parí rẹ̀, Clement sì ti kú ní 1534. Ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó rẹ̀ yín.

Kàtídírà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1290 ni mo tìtorí rẹ̀ lọ. Òkúta dúdú àti funfun ni wọ́n tò léra ní ìlà ìlà lára ògiri rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n tọ́jú aṣọ pẹpẹ tí ìtàn sọ pé ẹ̀jẹ̀ kán sí láti ara búrẹ́dì mímọ́ ti Máàsì ní ìlú Bolsena ní 1263. Mo kúnlẹ̀, mo dárúkọ ìyá mi. Ní apá kejì, àwòrán ọ̀run àpáàdì tí Luca Signorelli yà wà lára ògiri. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀mí èṣù rẹ̀ gbé obìnrin pọ̀n, ó ń fò lọ.

Àbúrò mi ti ń dárúkọ Assisi, ìlú mìíràn ní Ítálì. Mo ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan títí èmi yóò fi rí déètì.