Iná ABS ò kú lójú dáṣíbọọ̀dù? Ẹ wo wáyà ẹsẹ̀ táyà kẹ́ ẹ tó ra pọ́ǹpù

Mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìgbógbó n'Íkòròdú ló kọ́ mi lọ́gbọ́n yìí. Iná ABS, ìyẹn ètò tí kì í jẹ́ kí táyà há tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, tàn, ẹnì kan ní àfi kó ra pọ́ǹpù ABS tòkunbọ̀, owó gidi o, wọ́n tiẹ̀ ti ń ṣa owó ẹ̀ jọ. Nígbà tá a tú táyà iwájú lọ́wọ́ òsì, wáyà sẹ́ńsọ̀ ló ti ń ha mọ́ ara rím̀ù títí bàbà inú ẹ̀ fi yọ síta, ó ti wú, ó ti hu àwọ̀ ewé. Pọ́ǹpù ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ẹsẹ̀ táyà kọ̀ọ̀kan ló ní sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí táyà ṣe ń yára yí tó. Tí ọ̀kan ò bá sọ̀rọ̀ mọ́, kọ̀ǹpútà á pa ABS, á tan iná. Bíréèkì á ṣì mú, àmọ́ tí òjò bá rọ̀ tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ lójijì, táyà lè há kí mọ́tò máa yọ̀ lọ. Tí iná bíréèkì pupa bá tàn mọ́ ọn, ẹ má gbé e jáde rárá, ẹ kọ́kọ́ wo epo bíréèkì.

Ó yá, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON. Ó yẹ kí iná ABS tàn bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kó sì kú. Tí ò bá tàn rárá, ẹ fura, torí àwọn kan tó ń ta mọ́tò máa ń yọ gílóòbù ẹ̀ kí oníbàárà má bàa béèrè nǹkan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi mítà wọn bátìrì. Tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa, bíi 12.6 fóòtì ló dáa, tó bá ń ṣiṣẹ́, 13.5 sí 14.5. Bátìrì tó ti rẹ̀ lè tan iná yẹn lásán. Ẹ yẹ fíúsì ABS wò náà, wọ́n máa ń ju ẹyọ kan lọ, àwòrán wọn wà lábẹ́ ìdérí àpótí fíúsì.

Tó bá kan ọ̀rọ̀ kóòdù, ìyẹn àmì tí kọ̀ǹpútà mọ́tò fi ń sọ ibi tí nǹkan ti bàjẹ́, ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ń kà á, tí wọ́n ń tà káàkiri, ti ẹ́ńjìnnì nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń kà, tí wọ́n fi P bẹ̀rẹ̀. Ti ABS, C ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Lára Toyota, C0200 ni táyà ọ̀tún iwájú, C0205 òsì iwájú, C0210 ọ̀tún ẹ̀yìn, C0215 òsì ẹ̀yìn, téèyàn bá jókòó sórí àga awakọ̀. Àmọ́ àdúgbò ni kóòdù júwe o, kò tíì dé ojúlé: sẹ́ńsọ̀ lè wà láàyè kó jẹ́ wáyà ẹ̀ ló já.

Ibi táyà gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ fi òkúta dí àwọn táyà yòókù, ẹ jáàkì mọ́tò, ẹ gbé e lé síténdì. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ fi búlọ́ọ̀kù gbé e, ẹ má dá a lóhùn, búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń kọ́lé a máa fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀lé wáyà láti ẹsẹ̀ táyà títí wọ inú ara mọ́tò, pàápàá níbi tó ti ń tẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá yí ìdarí, torí ó lè já sínú kí ara ẹ̀ sì máa dán lóde. Ẹrẹ̀ àti omi ojú ọ̀nà wa náà máa ń jẹ ibi tí wáyà ti so pọ̀.

Tó bá jẹ́ sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ oníwáyà méjì tó kọjú sí irin eléyín, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ wáyà ẹ̀ níbi tó ti so pọ̀, ẹ wọn ohm ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń wà láàárín bíi 800 sí 2000, ẹ fi ti ẹ̀gbẹ́ kejì wé e. Tí mítà bá ní OL, ìyẹn pé iná ò kọjá rárá, ó ti já nìyẹn. Ẹ wá gbé mítà sí fóòtì AC, ẹ fi ọwọ́ yí táyà, nọ́ńbà gbọ́dọ̀ máa gòkè bẹ́ ẹ ṣe ń yára sí i. Kí ẹnì kan máa mi wáyà, tí nọ́ńbà bá fò sókè sódò, ẹ ti mú olè nìyẹn. Àmọ́ sẹ́ńsọ̀ ìgbàlódé, ẹ má fi ohm kàn án, ó lè bà á jẹ́. Ọ̀dọ̀ mọ́tò ni kẹ́ ẹ ti wọn wáyà, kọ́kọ́rọ́ wà ní ON, iná gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bíárìn ẹsẹ̀ táyà ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, ẹ padà lọ bá ẹni tó ṣe é. Àwọn bíárìn kan ní mágínẹ́ẹ̀tì tí sẹ́ńsọ̀ ń kà ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn ẹ̀ síbi sẹ́ńsọ̀, sẹ́ńsọ̀ tuntun mẹ́wàá ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Wáyà tó já, ẹ jó o pọ̀ pẹ̀lú sódà (solder, irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ sórí wáyà), ẹ fi rọ́bà tó ń súnkì tí wọ́n bá fi iná sí i bò ó, kì í ṣe kẹ́ ẹ lọ́ ọ pọ̀ kẹ́ ẹ fi sẹ́lótéèpù wé e. Ẹ so ó kúrò lára rím̀ù, ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wá gbé e jáde dé Sábó kẹ́ ẹ padà, torí iná àwọn mọ́tò kan ò ní kú àyàfi tí wọ́n bá rìn díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ gìrì kékeré lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bẹ́ ẹ ṣe ń gbéra, ẹ má fòyà, pọ́ǹpù tí wọ́n ní kẹ́ ẹ jù nù ló ń dán ara ẹ̀ wò.