Owó Jedwabne ni mo san, Tykocin ni wọ́n gbé mi lọ

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún àwọn tó ń mú àlejò rìn kiri ní Poland, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìrírí mi yìí. Owó tó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan złoty, owó ilẹ̀ Poland, ni mo san fún èmi àti àbúrò mi tó wá kí mi ní Warsaw láti London. Nínú ìpolówó wọn, wọ́n ní àwọn máa mú wa dé àwọn ìlú tí àwọn Júù ti gbé rí ní apá àríwá-ìlà-oòrùn, Tykocin àti Jedwabne. Torí Jedwabne gan-an ni mo ṣe sanwó. Wọn ò gbé wa débẹ̀.

N kò ní parọ́ mọ́ wọn, Tykocin dára. Láti 1642 ni sínágọ́gù ibẹ̀ ti wà, àdúrà tí wọ́n fi èdè Hébérù kọ sára ògiri rẹ̀ sì ṣeé wò títí. Láti ibẹ̀ a lọ sí igbó Łopuchowo, níbi tí àwọn Jámánì ti yìnbọn pa àwọn Júù Tykocin sínú kòtò ní oṣù Kẹjọ ọdún 1941. Obìnrin tó ń ṣe amọ̀nà wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ débi pé omi lé sí i lójú. Ìgbà tí ọkọ̀ wa dorí kọ Warsaw ni mo béèrè pé Jedwabne ńkọ́. Ó ní ọ̀nà ibẹ̀ ò dáa. Mo tún béèrè, ó ní kò sí nǹkan tí èèyàn ń wò níbẹ̀. Àbúrò mi rọra tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á dá owó tibẹ̀ padà." Obìnrin yẹn ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó jọ pé ìyẹn yé e, torí kò tún yẹ́nu sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí inú fi bí mi tó bẹ́ẹ̀. Ní Łopuchowo, Jámánì ló pànìyàn, kò sí ẹni tí ìyẹn ń ni lára láti sọ ní Poland. Ní Jedwabne, aládùúgbò ló pa aládùúgbò. Lọ́jọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1941, kò tíì pẹ́ tí ọmọ ogun Hitler lé àwọn Soviet kúrò níbẹ̀, àwọn ará ìlú tó jẹ́ Kátólíìkì lé àwọn Júù jáde nílé lọ sí gbàgede ọjà. Wọ́n ní kí wọ́n máa tu koríko láàárín òkúta, wọ́n ní kí wọ́n gbé ère Lenin kiri. Nígbẹ̀yìn wọ́n tì wọ́n mọ́ inú abà, tọmọdé tàgbà, wọ́n da epo sí i, wọ́n sì dáná sun ún. IPN, ilé-iṣẹ́ ìjọba Poland tó ṣe ìwádìí rẹ̀, sọ pé àwọn Jámánì ló dẹ wọ́n sí i, pé àwọn ará Poland ló fọwọ́ ara wọn ṣe é, àti pé ó kéré tán, èèyàn 340 ló kú. Bẹ́ẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n kọ sí òkúta ìrántí ibẹ̀ ni pé Gestapo, ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ Hitler, ló sun èèyàn 1,600. Ọdún 2001 ni wọ́n tó yọ òkúta náà kúrò. Kwaśniewski, tó jẹ́ ààrẹ Poland nígbà náà, wá tọrọ àforíjì níbẹ̀ lọ́dún náà, ọ̀pọ̀ ará ìlú sì jókòó sílé wọn.

Bí a ṣe pinnu láti dá lọ fúnra wa nìyẹn. Bọ́ọ̀sì láti Warsaw sí Łomża, ọmọdé lè wọ̀ ọ́. Láti Łomża sí Jedwabne, nǹkan bíi ogún kìlómítà péré, ibẹ̀ ni ojú wa ti rí màbo. Wọ́n lẹ àkókò bọ́ọ̀sì mọ́ ara pátákó kan lóòótọ́, aago pọ̀ níbẹ̀ lọ rẹpẹtẹ, inú wa dùn. A ò tètè fiyè sí i pé lẹ́tà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá pẹ̀lú ìkọ̀wé tó rí tín-ín-rín. D ni pé ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni bọ́ọ̀sì yẹn ń lọ. S ni pé àfi ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá lọ sílé ìwé. Oṣù Keje la wà, ọlidé, Sátidé sì ni. Gbogbo aago tó kù fún wa lójú pátákó yẹn ló ní ọ̀kan nínú lẹ́tà méjèèjì. A dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi kanrí, à ń retí bọ́ọ̀sì tí kò sí.

Ọ̀rọ̀ wá di ti takisí. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ń rẹ́rìn-ín, àfìgbà tí mo ní ibi òkúta ìrántí ni mò ń lọ. Ó ní òun ò lọ. Ẹnì kejì pe iye tí màá fi jẹun fún ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá arúgbó kan ló gbà níkẹyìn, a nájà náà dáadáa, ó sì gbà láti dúró dè wá. Lójú ọ̀nà, ó ní Jámánì ló ṣe gbogbo ẹ̀, ó sì yí rédíò sókè. N kò bá a jiyàn, ọwọ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ wà.

Ṣùgbọ́n a débẹ̀! Ẹ̀yìn ìlú ni. Òkúta náà tóbi, wọ́n fi pákó tí iná ti jó gbẹ sáàárín rẹ̀. Èdè mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sí i: Polish, Hébérù àti Yiddish. Ó ní wọ́n pa àwọn Júù Jedwabne àti agbègbè rẹ̀, wọ́n sun wọ́n láàyè níbí. Kò sọ ẹni tó sun wọ́n. Nítòsí ibẹ̀, lórí ilẹ̀ àdáni, ni àwọn òkúta ràbàtà tí àwọn kan gbé síbẹ̀ ní 2025 wà, èyí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí pé ará Poland kọ́ ló ṣe é. Ìtẹ́ òkú àwọn Júù wà lódìkejì ọ̀nà, igi ti bò ó.

Ohun tí amọ̀nà yẹn ì bá fi gba ìyìn lẹ́nu mi ni ìtàn Antonina Wyrzykowska. Ní abúlé Janczewko tí kò jìnnà síbẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ fi Júù méje pamọ́ sábẹ́ ilé ẹran wọn títí di oṣù Kìíní 1945. Ikú ni òfin Jámánì láti 1941 sọ pé ó tọ́ sí ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Jámánì ò rí i mú. Ìgbà tí Jámánì lọ tán ni àwọn ará Poland bíi tirẹ̀ wá lù ú nílùkulù torí Júù tó gbà là, ó sì di dandan kó fi abúlé sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi akínkanjú yangàn, òun nìyí o! Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè sọ ìtàn rẹ̀ kó má sọ ti àwọn tó nà án. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi sọ ọ́. Abúlé Markowa ni wọ́n ń pariwo, níbi tí Jámánì ti pa Józef Ulma, Wiktoria ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́fà pẹ̀lú Júù mẹ́jọ tí wọ́n gbà sílé, ní oṣù Kẹta 1944. Ìjọ Kátólíìkì ti kéde ìdílé náà ní ẹni ìbùkún ní 2023, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́.

Tí mo bá tún máa ṣe é, ọjọ́ iṣẹ́ ni màá lọ, kì í ṣe àkókò ọlidé. Màá sì ní kí wọ́n kọ orúkọ Jedwabne sínú rìsíìtì kí n tó sanwó. Ẹ mú owó díẹ̀ dání, ẹ sì bá oníṣẹ́ takisí sọ iye wákàtí tó máa dúró kí ẹ tó wọ ọkọ̀.

Lẹ́yìn Jedwabne, a lọ sí Kielce, ìlú mìíràn tí wọ́n ti pa àwọn Júù. Ibẹ̀ ò fún wa ní wàhálà kankan. Ẹ wọ reluwé, ẹ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, ẹ ti dé ilé tó wà ní Planty 7, níbi tó ti ṣẹlẹ̀. Ogun ti parí fún ohun tó lé lọ́dún kan nígbà tí ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan lọ sí abúlé láì sọ fún ẹnikẹ́ni, tó padà wá sọ pé àwọn Júù ti òun mọ́ àjà ilẹ̀ ilé yẹn. Ilé náà ò ní àjà ilẹ̀ rárá. Síbẹ̀, èrò ya lu àwọn Júù tó ń gbé ibẹ̀. Ọlọ́pàá àti sójà tó yẹ kó dáàbò bò wọ́n náà bá èrò yẹn pa wọ́n: Júù 42 lọ́jọ́ 4 oṣù Keje 1946, àwọn tí ikú Hitler ti yọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó kù kó ẹrù wọn kúrò ní Poland. Àmì ìrántí tí Lech Wałęsa, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Solidarity, ní kí wọ́n kàn mọ́ ògiri ní 1990 ṣì wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn tó ń bójú tó ilé náà lórí fóònù kí ẹ lè mọ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn.

Àbúrò mi ní Markowa ló kù tóun fẹ́ rí nígbà tóun bá tún wá. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n òun ló máa sanwó.